Ohùn Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Kọ́ládé

Tí ẹ bá rí ọkùnrin kan lórí òrùlé n'Íkọ̀lé, tí òjò ti ṣú, tí kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, Kọ́ládé ni. Díìṣì tẹlifíṣọ̀n àti sólà ló máa ń fi sórí ilé fún àwọn èèyàn. Láti ibí dé Ọ̀yẹ́, mélòó ni òrùlé tí kò tíì gùn? Ó ti gun ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gun ti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Ọkàn ẹni yẹn ò sí lórí páànù. Ó ti gba òkè lọ tipẹ́.

Géèmù ni mò ń sọ. Ó ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, orí ẹ̀ ló ti ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù láàárín ìràwọ̀. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹrù. Á kó irin níbì kan, á jókòó tì í títí ìdí á fi máa ta á, á já a síbòmíràn, á tún kó òmíràn bọ̀. Mo ti bi í rí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kẹ́ ẹ kúkú ra Dáínà, kẹ́ ẹ máa fi kó iṣu láti Ààyè lọ sí Ìfàkì?" Ó ní kò lè yé mi. Òótọ́ ni, kò yé mi.

Èmi ni Tósìn. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun wà níwájú ilé wọn, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Àǹtí Felicia, ìyàwó ẹ̀, ló kángun sí tèmi. Pákó tín-ín-rín ló pààlà wa. Fèrèsé kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Àǹtí tó ṣí sínú pálọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ni láptọ́ọ̀pù wà. Ẹni tó bá sín ní pálọ̀, èmi àti Àǹtí la jọ máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ẹ ò wá ní sọ pé mò ń ṣe ojú-ló-ń-yún-mi. Etí mi ni kò nílẹ̀kùn.

Géèmù yẹn bí wọ́n ṣe ṣe é ò tó Kọ́ládé. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n máa ń ṣe àfikún sí i fúnra wọn, tí wọ́n á gbé e sórí ayélujára kí ẹni tó bá wù mú un. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Mọ́ọ̀dù kan á mú kí ọkọ̀ ẹ sáré sí i, òmíràn á pa ojú ọ̀run láró. Kọ́ládé kó wọn jọ bí ìyàwó tuntun ṣe ń kó abọ́ jọ. Ó tiẹ̀ ṣe kan tó fi orúkọ ìlú wa sọ àwọn ayé tó wà níbẹ̀. Ìgbólé ní òṣùpá méjì. Ìdó ní òkúta tó yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Àwọn ọmọ Ọ̀yẹ́ kan gbọ́ pé ayé tiwọn ò lómi, wọ́n wá bá a jà níbi tí mo ti ń gẹrun fún un. Ó ní kí wọ́n lọ fẹjọ́ sun gómìnà.

Wàhálà mọ́ọ̀dù ni pé wọn kì í gba fún ara wọn. Kọ́ládé ní láti tò wọ́n sójú kan, ìkan lábẹ́ ìkan. Tí méjì bá ń du iṣẹ́ kan náà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló máa borí, torí pé òun ló wọlé kẹ́yìn. Ó lè fi odidi ọ̀sán gbé ìkan sókè, kó tún gbé e sísàlẹ̀, kí géèmù ṣì kọ̀ kó má ṣí. Á wá jáde síta, á máa wò suu bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ ẹ̀.

Èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ohùn Àǹtí Felicia ni. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra, Kọ́ládé gbé fóònù lọ bá a n'Írèlé, ó ní kó máa sọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ máa ń sọ fún awakọ̀, kó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn. Ó gbà á sílẹ̀, ó sọ ọ́ di mọ́ọ̀dù. Álítò, ohùn kejì àwọn obìnrin, ni Àǹtí ń kọ nínú kọ́yà Kátólíìkì, ẹ mọ bí ohùn yẹn ṣe máa rí. Ọkọ̀ irin á máa lọ nínú òkùnkùn, ìràwọ̀ á máa kọjá, wàá kàn gbọ́ ọ, "Káàbọ̀, olólùfẹ́. Epo ti ń tán lọ o. Jẹ́ á padà sí ulé." Ulé ló ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é n'Írèlé.

Ó ń dùn lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé kan tí òjò ò jẹ́ kí Kọ́ládé lọ síbi iṣẹ́. Mò ń gẹrun lọ́wọ́. Àǹtí ń rán aṣọ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀. La bá gbọ́ ohùn obìnrin kan ní pálọ̀. Òyìnbó ni. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ó ń kí ọ̀gá ẹ̀ káàbọ̀, ó ní òun ti ń retí ẹ̀.

Kọ́ládé wá dá a lóhùn. Ó ní, "O ṣé, arẹwà."

Màṣíìnì Àǹtí dákẹ́. Kílípà tèmi náà dákẹ́, torí mo pa á kí n lè gbọ́ dáadáa.

Àǹtí dìde lọ sí fèrèsé. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ mi yìí náà. Mọ́ọ̀dù tuntun ni. Ohùn lásán ni, kò lórí, kò nírù."

"Tèmi dà?"

"Ó wà níbẹ̀. Mi ò yọ ọ́. Wá wò ó, orúkọ ẹ ló wà lókè. Tiẹ̀ wà nísàlẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni yìí rò pé òun ti bọ́. Mo dúró lẹ́yìn pákó mi, mo ti ń káàánú ẹ̀.

"Èmi ni mo wà lókè," Àǹtí ní.

"Ìwọ mà ni."

"Òun ló wà nísàlẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n."

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì?"

Kọ́ládé yíjú padà sí láptọ́ọ̀pù.

"O ti sọ mí di ìyáálé, mi ò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún," Àǹtí sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Kí arẹwà máa bá ẹ sọ̀rọ̀."

Bí odì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe odì àwọn ọmọ kéékèèké tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ á tán. Àǹtí ń se oúnjẹ, ó ń fọṣọ, ó ń kí àwọn ará àdúgbò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu ẹ̀ sí Kọ́ládé. Èmi ni wọ́n wá sọ di afárá. Kọ́ládé lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa níta, kí eékún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti Àǹtí, Àǹtí á ní, "Tósìn, bá mi bi awakọ̀ yẹn bóyá ó máa jẹun." Màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa jẹun?" Òun náà á ní, "Sọ fún wọn pé màá jẹ." Báyìí la ṣe jẹ iyán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹnu mi rẹ̀ mí ju ti àwọn tó jẹ ẹ́ lọ.

Ohun tó ń já Kọ́ládé láyà gan-an ni ọjọ́ Sátidé. Faith, àbúrò Àǹtí, fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ n'Írèlé, àwọn méjèèjì ló yẹ kí wọ́n jọ lọ. Àǹtí ti ń di ẹrù, báàgì tó gbé kalẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ó ní, "Tósìn, sọ fún un pé mo lè pẹ́ lọ́hùn-ún." Mo sọ fún un. Kọ́ládé mí kanlẹ̀. Ó ní, "Tósìn, ọkọ tó bá jókòó ti ìyàwó tí kò bá a sọ̀rọ̀ nílé àna, gbogbo ẹbí ló máa bá a sọ̀rọ̀."

Ó yọ mọ́ọ̀dù òyìnbó yẹn dànù. Ìyẹn ṣì bọ́gbọ́n mu. Ó wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó dá ohùn Àǹtí padà, ó yí i sókè débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gáréèjì, kí Àǹtí lè gbọ́ bó ṣe ń pè é ní olólùfẹ́ látijọ́. Àwọn oníbàárà Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. "Tósìn, sọ fún un pé ọmọbìnrin tó sọ ìyẹn ò tíì lọ́kọ nígbà yẹn. Kó lọ wá a lọ."

Kọ́ládé bá yọ ìyẹn náà. Ó ní bí Felicia ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sóhùn kankan nínú ọkọ̀ òun mọ́. Mo ní ìwà àgbàlagbà nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé kò mọ epo wò fúnra ẹ̀. Ọjọ́rú, ó gbá nǹkan. Ọjọ́bọ̀, epo tán lọ́wọ́ ẹ̀ níbi tí kò séèyàn kankan. Ó kàn jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù, ọkọ̀ ń yí po bí ewé inú odò. Mo gbọ́ tí Àǹtí pòṣé nídìí màṣíìnì.

Ọjọ́ Ẹtì dé, òjò tún dé. Nùrúdíìnì ọlọ́kadà jókòó sórí àga mi, mo ti gẹ ẹ̀gbẹ́ kan orí ẹ̀. Ní pálọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kín, kín, kín. Ẹ rántí pé Àǹtí ló ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn rí. Kò sí igbe tó ké tí kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀.

"Tósìn."

"Àǹtí."

"Sọ fún awakọ̀ yẹn pé epo ẹ̀ ti ń tán."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní epo yín ti ń tán."

Kọ́ládé ní, "Bá mi bi wọ́n ibi tí mo ti máa rà á."

"Àǹtí, níbo ni kí wọ́n ti rà á?"

"N'Ígbólé. Ó ti kọjá ẹ̀, kò wẹ̀yìn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, Ìgbólé ni o."

"Tósìn, sọ ọ́ tán."

"Wọ́n ní ẹ ti kọjá ẹ̀, ẹ ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Nùrúdíìnì ń wò mí nínú dígí. "Ṣé ilé epo ni wọ́n ń wá?"

"Dákẹ́ jàre. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

"Bá mi bi wọ́n," Kọ́ládé ní, "mo ti yọ ohùn yẹn. Kí ló tún kù tí mo ṣe?"

Mi ò tíì la ẹnu tí Àǹtí fi fèsì. "Sọ fún un pé kì í ṣe ohùn yẹn ló dùn mí. Láti ìgbà tó ti ń fẹ́ mi ni mo ti ń kí i káàbọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Kò dá mi lóhùn rí. Arẹwà kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní o ṣé."

Ìyẹn kọjá ẹnu mi. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn ò lè pariwo ẹ̀ gba orí pákó. Mo dúró, kílípà wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo ilẹ̀.

Nùrúdíìnì ní, "Tósìn, orí mi ti di méjì. Òjò ń dá, mo ní èrò tí mo fẹ́ gbé lọ sí Ọ̀yẹ́. Ṣé báyìí ni kí n ṣe lọ?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ní oníbàárà." Mo tan kílípà mi.

Ibẹ̀ ni igbe ọkọ̀ ti yí padà. Ó ń ké léraléra, kò tún sinmi mọ́. Ó ti wọ àárín òkúta Ìdó. Gbogbo irin tó ti ń kó bọ̀ láti ọjọ́ yìí wà nínú ọkọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo yọjú lórí pákó, mo rí Àǹtí tó ti dìde, tó fi ọwọ́ méjèèjì di irin fèrèsé mú, tó tẹjú mọ́ láptọ́ọ̀pù láti ẹ̀yìn Kọ́ládé. Ó wo ọ̀dọ̀ mi. Mo fi orí Nùrúdíìnì hàn án.

"Kọ́ládé," ó ní. "Òsì. Yà sí òsì."

Kọ́ládé yà.

"Kì í ṣe báyẹn. Rọra. Ńlá kan ń bọ̀ lókè, jẹ́ kó kọjá. Dúró. Dúró ná. Ó yá, máa lọ."

Igbe yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ó sì dákẹ́.

"O ṣé," Kọ́ládé ní.

"Ta lò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Felicia."

"Yíjú síbí, kó o sọ ọ́."

Ó yíjú. Ó dìde pàápàá, ó wá sí fèrèsé. Ohun tó sọ níbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ, torí Nùrúdíìnì ń kùn létí mi nípa orí ẹ̀. Mo kàn rí i pé Àǹtí na ọwọ́ gba àárín irin fèrèsé, ó yọ òwú kan kúrò ní irùngbọ̀n Kọ́ládé. Bí òwú ṣe dé irùngbọ̀n ẹni tí kò ránṣọ, ẹ má bi mí.

Nígbà tó di Sátidé, báàgì ti kéré. Wọ́n jọ gun alùpùpù Kọ́ládé lọ sí Ìrèlé, wọ́n sì jọ bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí ń bá a jà lẹ́yìn pé eré ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe èmi ló ń bá a sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní ohùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kọ́ládé bẹ Àǹtí pé kó bá òun sọ tuntun sínú fóònù. Àǹtí ní òun ò ṣe, tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn òun, òun wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́ládé ò wá lè wa ọkọ̀ bí Àǹtí ò bá sí nídìí màṣíìnì. Bí Àǹtí bá ti ń ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gbẹ́ni á yára wá ibi tó máa páàkì sí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó fẹ́ fi agídí ṣe é nígbà tí Àǹtí wà ní Mísà. Àǹtí dé, kò tíì bọ́ aṣọ kọ́yà, ó wo láptọ́ọ̀pù, ó wo ọkọ ẹ̀.

"Ẹrù dà?"

"Ó wà lọ́nà."

"Ọ̀nà ibo?"

Kọ́ládé ò mọ̀. Àǹtí gbé àpò Bíbélì ẹ̀ sílẹ̀, ó fa àpótí kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Sún," ó ní. "Jẹ́ á lọ wá a."