Páálí Tí Mo Bá Lábẹ́ Ọrùn Gìtá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà nínú mi síta lónìí, torí inú ṣì ń bí mi!

Gìtá oníná ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Nombakélé, àdúgbò kan nílùú òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Bùrọ̀dá Délé ni olórí ẹgbẹ́ akọrin, òun náà ń ta gìtá. Lọ́jọ́ kan ó ní òun á bá mi nu gìtá mi, òun á sì pààrọ̀ okùn rẹ̀. Mo dúpẹ́ títí. Ṣé mo mọ̀?

Látìgbà tó ti dá a padà ni okùn ti ga fíofío. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, ìka mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bùrọ̀dá wá sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé kò sóhun tó ṣe gìtá, pé ọwọ́ obìnrin ni kò lágbára. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ó ní kí n máa pín ìwé orin. Èmi tí mo ti ń ta gìtá láti ọmọ ọdún mọ́kànlá! Inú taxi ni mo ti sunkún délé.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Ráfíù, káfíńtà ará orílẹ̀-èdè Benin kan ní àdúgbò PK8. Bàbá ò mọ gìtá, àmọ́ wọ́n mọ igi. Wọ́n mú tournevis, irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì, a tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó de ọrùn mọ́ ara gìtá. Kí la bá? Páálí! Ẹnì kan ti ká a ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ti kì í bọ iwájú kòtò tí ọrùn jókòó sí, ó wá gbé orí gìtá síwájú, okùn sì jìnnà sí igi. Ọwọ́ kíkọ Bùrọ̀dá Délé ló wà lára rẹ̀, àkọlé orin mẹ́rin!

A yọ páálí, okùn ṣì ga díẹ̀, mo wá béèrè bóyá ká gé agolo mílíìkì ti ìdí ọrùn. Bàbá ní rárá, agolo á máa yọ̀.

Wọ́n ní: “Páálí ńkọ́? Ọ̀rinrin ìlú yìí á jẹ ẹ́, ọmọ mi. Igi ni kó o fi ti igi.”

Wọ́n fá igi okoumé pẹlẹbẹ, ìdí rẹ̀ nípọn díẹ̀, iwájú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó kún kòtò náà láìsí àlàfo. Ìdí tó nípọn la kọ sẹ́yìn. Háà, okùn sùn mọ́ igi, ohùn mọ́ tónítóní!

Mo tọ́jú páálí yẹn. Mi ò bá ẹnì kankan sọ ọ́.

Ní répétition, níbi tá a ti ń dán orin wò, Bùrọ̀dá gbọ́ ohùn gìtá mi, ó ní kí n bá òun ṣe tòun náà kó tó di Sunday. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e fún mi! Ẹ̀yin ìbá ti ṣe kí ni? Mo kì páálí rẹ̀ sí gìtá rẹ̀, níwájú kòtò, gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣe tèmi.

Àárọ̀ Sunday, nígbà tí orin fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni mo dá a padà fún un. Ó làágùn! Ohùn yẹ̀, àwọn akọrin ṣìnà. Pásítọ̀ juwọ́ sí mi, mo gba orin náà láàárín ẹsẹ kejì. Ó dùn mọ́ mi dé egungun!

Lẹ́yìn ìsìn, ó ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà. “Aríkẹ́, kí lo fi sí gìtá mi?”

“Ohun tí ẹ fi sí tèmi ni, sà. Ẹ tú u, ẹ ó rí ọwọ́ kíkọ yín.”

Pásítọ̀ gbọ́ wa, wọ́n sì ní kó tú u. Wọ́n bi í léèrè títí ó fi jẹ́wọ́ pé àwọn èèyàn ti ń yìn mí ju òun lọ, òun rò pé á sú mi, kí n sì lọ. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà, wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn fún oṣù kan, torí ti Ọlọ́run ni ẹ̀san, kì í ṣe tèmi. Mo jókòó náà. Àmọ́ mi ò tọrọ àforíjì, títí dòní!

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Bí nǹkan iṣẹ́ yín bá bàjẹ́, ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ̀yin lẹ bàjẹ́. Ẹ sì má fi páálí ti ọrùn gìtá láyé yín!

Ṣé ẹ̀san mi pọ̀ jù? Ta ló ti ṣe irú èyí sí yín rí, kí lẹ sì fi san án fún un? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ní kí n dárí ji Bùrọ̀dá, kó fara balẹ̀: màmá mi ń sọ ọ́ ní gbogbo àárọ̀, mi ò tíì ṣe tán.