Níbo Lẹ Ti Sáré Rí, Kóòṣì?

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí wọ́n sọ mí di kóòṣì àwọn ọmọ tó ń sáré. Mo ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí ọjọ́ náà tó dé, n kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú pápá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àfi kí n gé e kọjá bí mo bá ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́.

Ilé-ìwé wa wà lẹ́yìn Ìṣẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rùn. Oko ẹ̀gẹ́ ló yí pápá rẹ̀ ká lọ́nà mẹ́ta. Igi kòkó ló wà lọ́nà kẹrin. Olùkọ́ tó ń bójú tó eré ìdárayá tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Adó láàárín sáà, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́ta jù lọ, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa mú àwọn eléré yìí."

"Èmi? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ sáré, sà. Ẹ̀yin lẹ létò jù nínú gbogbo wa. Ẹ kàn máa bá wa tò wọ́n."

Mo gbà. Kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn eré. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò fẹ́ máa tètè délé. Ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa obìnrin ní Kánádà láti bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n pè é, ó ti di ọdún méjì, oyún mìíràn sì tún ti dé. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ìkẹ́rẹ́ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, èmi nìkan náà ni. N óò bẹ iṣu tí kò tó ìdajì, n óò jẹ díẹ̀, n óò sì jẹ èyí tó ṣẹ́kù ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọn a máa pè mí lórí fóònù. Ọmọ-ọmọ mi á wo ojú mi nínú fóònù, á wo ìyá rẹ̀, á sì sá lọ. Pápá sàn ju ilé lọ. Ó kéré tán, ariwo wà níbẹ̀.

Àwa kóòṣì ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ní apá ibẹ̀ yẹn, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré, ní àṣà kan. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ ọdún, kí a tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ dìde kí ó sọ ibi tí ó ti sáré rí. Àwọn àgbà á kọ́kọ́ sọ tiwọn, kí ó lè mọ irú ènìyàn tí òun wà láàárín wọn. Alága wa jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé-ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́ gbà. Ó ní nígbà tí òun wà ní bárékè, kò sí ẹni tó lè gba iwájú òun. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní fífò sókè ni iṣẹ́ tòun. Obìnrin kan láti Emùré, tó ń kọ́ ọmọ ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé, ní òun sáré fún ìpínlẹ̀ nígbà tí àwa àti Oǹdó ṣì jọ wà pọ̀. Lẹ́yìn náà ni alága kọjú sí mi.

"Ó kù sí yín lọ́wọ́. Níbo lẹ ti sáré rí, kóòṣì?"

Kí ni kí n sọ? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sáré lọ sí odò, èmi ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ aṣọ. Nígbà tí mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí wọ́n bá ń ṣe ìdíje, èmi ni mo máa ń mú ìwé dání, tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó borí sílẹ̀. Ìwé náà mọ́ tónítóní; wọ́n yìn mí fún un. Mo wo ojú àwọn ènìyàn tó wà nínú yàrá náà. Wọ́n ti sún fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì kí àyè mi lè wà.

"Mo sá irínwó mítà," ni mo wí. "Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Irínwó!" Alága na ọwọ́ sí mi. "Eré akíkanjú nìyẹn! Ẹ jókòó jàre, Irínwó. Ẹ ti di ọmọ ilé."

Bí mo ṣe di Irínwó nìyẹn. Bí a bá pàdé ní gáréèjì tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọn á ké sí mi láti òkèèrè: "Irínwó, ẹsẹ̀ ṣì ń jẹ́ bí?" Èmi náà á dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀!" A óò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi orúkọ ìnagijẹ pè mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹni tó sáré irínwó, ṣé yóò wá máa béèrè ohun tí ọmọ kíláàsì kìíní mọ̀?

Eré tí wọ́n ń pè ní rílé ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọmọ mẹ́rin ló ń sá a, ẹni kan á fi ọ̀pá lé ẹnì kejì lọ́wọ́, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Àwọn kan rò pé ẹni tó yára jù ló yẹ kó kọ́kọ́ sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìparí ni a sábà ń fi í sí. Ẹni ìkẹyìn tèmi jẹ́ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì tó kẹ́yìn, ọmọ àgbẹ̀ tó ni oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn pápá wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ó bá ń sáré, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ rẹ̀.

Ilé-ìwé méjì tó bá ṣáájú nínú ìdíje ẹkùn wa ló ń lọ sí àgọ́ eléré ìdárayá ní Adó. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-ìwé gíga ti máa ń wá mú ọmọ tó mọ eré sá, tí wọ́n á sì máa san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàbá ọmọ yìí wá bá mi ní ẹ̀gbẹ́ pápá ní ọjọ́ kan, àdá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí wọ́n bá mú un l'Adó, kó máa lọ, mo gbà. Bí wọn ò bá mú un, àbúrò mi l'Àkúrẹ́ á kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Agbára mi ò jù báun lọ."

"Wọn á mú un," ni mo wí.

"Àmín o. Ẹ mú uṣu yìí r'ulé."

Mo gbé iṣu náà dání. Ọmọ yìí lè sáré. Àmọ́ rílé kì í ṣe eré ẹsẹ̀ nìkan. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti máa sáré kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá tètè gbéra, ẹni tó ń bọ̀ kò ní bá a. Bí ó bá pẹ́, wọ́n á kọlu ara wọn. Báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbéra? Ohun tí n kò mọ̀ nìyẹn. Mo wo àwọn eléré ìlú òyìnbó lórí fóònù títí dátà mi fi tán. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò, ibi tí ọ̀pá ti ń kọjá. N kò wo ilẹ̀.

Olùkọ́ kíláàsì ni mí. Ohun tí olùkọ́ kíláàsì mọ̀ ni pé bí òun bá pàtẹ́wọ́, ọmọ á dìde. Mo dúró sí àárín pápá níbi tí mo ti lè rí gbogbo wọn, mo sì sọ fún wọn pé: "Ẹ má wo ẹ̀yìn. Ẹ ṣáà máa gbọ́ mi. Tí mo bá ti pàtẹ́wọ́, kí ẹni tó kàn máa lọ." Ó ṣiṣẹ́! Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pá ń kọjá bí omi. Ìrọ̀lẹ́ bá mi lórí pápá lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tán, mo sì rẹ́rìn-ín, èmi nìkan. Mo rò pé mo ti fi ọgbọ́n ìṣirò yanjú ohun tó ń dá àwọn eléré láàmú.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo rí obìnrin kóòṣì láti Emùré tó ń rìn lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń ka ẹsẹ̀, wọ́n sì ń da eérú díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, lẹ́yìn náà níbòmíràn. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. N kò mọ ohun tí eérú náà wà fún. Ó gbójú sókè.

"Irínwó! Ẹ ò tíì fi àmì tiyín sílẹ̀? Eérú ṣì kù níbí o, ẹ wá bù."

Ìbéèrè náà wà lórí ahọ́n mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: kí ni? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ì bá sì dùn mí.

"A ti ṣe tiwa," ni mo wí, mo sì bá tèmi lọ.

Nígbà tí ó kan rílé àwọn obìnrin, ọkùnrin kan tó wọ fìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í lé wa. "Gbogbo kóòṣì, ẹ jáde nínú pápá! Ẹni tí kò bá sáré, ẹ bọ́ sẹ́yìn okùn! Bàbá, ẹ̀yin náà o!" Mo ní kí ó jẹ́ kí n dúró sí àárín. Ó ní ṣé kí wọ́n wá gbé àga wá fún mi ni? Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ sẹ́yìn okùn, láàárín èrò.

Ọmọ wa àkọ́kọ́ sá dáadáa. Ọ̀dọ̀ èkejì kò jìnnà sí mi. Mo pàtẹ́wọ́, ó gbọ́, ó lọ. Ẹ̀kẹta ṣiyèméjì díẹ̀, síbẹ̀ a ṣì wà ní ipò kejì. Ìgbà yẹn ni gbogbo pápá dìde, tí gbogbo èrò sì ń pàtẹ́wọ́. Mo ń pa tèmi títí ọwọ́ fi ń ta mí, mo ń pariwo, ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ àtẹ́wọ́ ẹnì kan nínú ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn? Ní òdìkejì pápá, mo rí ọmọbìnrin náà tó dúró. Kò wo ẹ̀yìn, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, ó ń wo inú èrò. Ẹ̀kẹta tó ń bọ̀ kọlù ú, ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà mú un, ó sá a parí, lẹ́yìn gbogbo wọn.

Mo bá a lórí koríko, ó di orúnkún rẹ̀ mú. Kò sunkún.

"Sà, mi ò gbọ́ yín," ni ó wí. "Mo ń wá yín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń tú kánópì, mo lọ bá obìnrin Emùré. Mo ní, "Ìyáàfin, n kò sáré rí láyé mi. Kí ni eérú yẹn wà fún?" Ó gbé ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú mi lọ sí orí ìlà, ó sì fi hàn mí. Ọmọ tó fẹ́ gba ọ̀pá á ka ẹsẹ̀ sẹ́yìn, á fi àmì sílẹ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ àmì náà, kí ó gbéra. Kò gbọ́dọ̀ dúró de ohùn ẹnikẹ́ni. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ó fi kọ́ mi.

"Ṣé ẹ rò pé gbogbo wa la sáré ni?" ni ó bi mí. "Alága yín yẹn, kúùkù ni nínú ológun. Ẹni tó ní òun ń fò, orí rédíò ló ti ń gbọ́ ọ. Èmi tí mo sá fún ìpínlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ìkẹfà ni mo sì ṣe. Ẹni mẹ́fà péré la sì jọ sá a."

Ó rẹ́rìn-ín, n kò lè bá a rín in. Mo ń ro gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí a sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, tí olúkúlùkù sì dá wà pẹ̀lú irọ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kó àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí pápá, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn. Mo ní ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn, pé èmi ni n kò mọ̀, àti pé àwọn tó mọ̀ wà nítòsí mi. Àwọn mẹ́ta wo ilẹ̀. Ẹni ìkẹyìn wo ojú mi.

"Kí ló dé tí ẹ ò bi wọ́n, sà?"

Mo ti bi ọmọ ní ìbéèrè fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ọjọ́ yẹn, ọmọ ló bi mí. Lẹ́yìn ìdánwò, ó lọ sí Àkúrẹ́. Mo gbọ́ pé ó ti ń rán aṣọ fún ara rẹ̀ báyìí, pé aṣọ rẹ̀ sì dára. Mo mọ àdúgbò tó wà. N kò tíì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá bi yín pé níbo lẹ ti wá, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pápá lẹ jókòó sí pẹ̀lú ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ béèrè ní òwúrọ̀, nígbà tí eérú ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.