Abọ́ Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: ẹnu mi mú nígbà náà, kò sì tíì kú tán títí di òní. Ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, abọ́ tánganran ni mo ń tà ní ọjà Àgége, lẹ́bàá ojú irin. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ náà ní Ìkẹjà. Kí fèrè ilé iṣẹ́ tó dún láàárọ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á gba inú ìrì lọ lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Áà, ayé ìgbà yẹn! Mo ṣì ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ wọn létí mi.

Iṣẹ́ rírì ni ọkọ mi ń ṣe. Á mú abọ́ irin, á rì í sínú omi funfun kan tó ki bí ẹ̀kọ, á wá gbọn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí omi náà lè tẹ́ dọ́gba, kí wọ́n tó gbé e wọ iná. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n là ń pè é. Ẹ̀gbọ́n a máa sọ pé gbígbọn ọwọ́ yẹn gan-an niṣẹ́, pé aláìmọ̀kan ló rò pé rírì ni. Tí ọkọ mi bá yà sí ìsọ̀ mi nírọ̀lẹ́, á fi ìka tọ etí àwọn abọ́, á ní, "Èmi ni mo ri èyí. Èyí, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni." Mi ò mọ bó ṣe ń dá a mọ̀. Inú mi a sáà máa dùn.

Ṣùgbọ́n abọ́ Ìkẹjà kì í tà. Obìnrin á gbé e, á fi ìka kàn án, á gbọ́ bó ṣe ń dún, á ní ó dára. Lẹ́yìn náà á yí ìdí rẹ̀ sókè. Òǹtẹ̀ tó wà nídìí ló ń wò. Kò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ó mọ bí òǹtẹ̀ ìlú òyìnbó ṣe rí. Tó bá ti rí i pé àwòrán ọ̀pẹ ló wà nídìí tiwa, á rọra gbé e kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bi ọ̀kan nínú wọn, "Ẹ dákun, ṣé ìdí abọ́ lẹ ó máa bu ọbẹ̀ sí ni?" Ó ní ẹrù ìyàwó ọmọ òun lòun ń rà, tí àwọn àna bá yí i wò ńkọ́? Mo ní, "Ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀, ìyá. Ẹ sọ fún àwọn àna yín." Ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá tó wà nísọ̀ kejì ní ẹnu mi ni yóò lé oníbàárà mi tán.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú mi. Ọ̀gá wọn ti sọ pé abọ́ tí kò tà ti kún ilé ìkẹ́rùsí dé àjà, pé tí nǹkan ò bá yí padà kí Iléyá tó dé, àwọn kan nínú àwọn tó ń ri abọ́ yóò lọ sílé. Rédíò a-sọ̀rọ̀-má-gbèsì ń kígbe pé ká máa ra ti ilẹ̀ wa. Àwọn èèyàn ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, wọ́n tún ń yí ìdí abọ́ wò. Mo sì wà nínú oyún àkọ́kọ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Ẹ̀gbọ́n wá kí wa. Inú mi dùn débi pé mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí, mo gbé ọ̀kan nínú àwo olódòdó mẹ́fà tí ìyá mi kó sínú ẹrù ìyàwó mi jáde. Àwo ìlú òyìnbó ni. Àlejò pàtàkì nìkan là ń gbé irú rẹ̀ fún; bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe nígbà náà. Mo bu ìrẹsì sí i, mo fi ẹran tó tóbi jù lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n jẹun, ó yó, ó fọwọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo náà, ó sì yí ìdí rẹ̀ sókè.

Ó wò ó títí. "Ìyàwó wa, àwo yìí mà dára o."

Ọkọ mi tẹjú mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àlejò pàtàkì lẹ jẹ́ fún wa. Mo fi bu ọlá fún yín ni."

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọlá yẹn náà ló fẹ́ lé wa lẹ́nu iṣẹ́."

Yéè! Ojú tì mí. Èmi tí mo ń bú obìnrin olóbìnrin lọ́jà! Abọ́ Ìkẹjà kan ṣoṣo ló wà nínú ilé mi, adìẹ la fi ń bọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kó àwo olódòdó náà lọ sọ́jà, mo ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyá mi gbọ́, ó sunkún, ó ní ta ló ń ta ẹrù ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ò kú. Láti ọjọ́ yẹn, abọ́ Ìkẹjà ni mo fi ń jẹun nísọ̀, ní gbangba. Bí oníbàárà bá yí ìdí rẹ̀ wò, mo máa ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ mi ló rì í. Ẹ wí tẹnu yín." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rà. Obìnrin kan láti Àgídìngbì ra méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ọmọdé ń ṣe mí.

Iléyá kọjá, wọ́n pe orúkọ àwọn tí yóò lọ sílé. Ọkọ mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ lọ, ẹni tí wọ́n kọ́ ló kù. Inú mi dùn pé kì í ṣe ọkọ mi, inú mi sì bàjẹ́ pé inú mi dùn. Ọkọ mi ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ó wá fara balẹ̀ ri abọ́ méjì, ó rà wọ́n nílé iṣẹ́, ó ní ẹ̀bùn ni fún ìyá Ẹ̀gbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ló ní kí n bá òun fún un, nítorí Àgége ni Ẹ̀gbọ́n yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀gbọ́n dé ìsọ̀ mi lọ́sàn-án. Mo gbé abọ́ méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí wọn yíká. Ó ní, "Ọmọ yìí ti mọ iṣẹ́." Ó wá dá wọn padà fún mi. Ìsọ̀ kejì ló lọ, ó mú àwo ìlú òyìnbó kan, ó ní èló ni.

Mo la ẹnu. Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ó ti rí ojú mi.

"Ìyàwó wa, má bínú. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo agbo ilé pé ọmọ òun ń rí ṣe l'Ékòó. Wọn ò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Tí mo bá gbé ti Ìkẹjà délé, wọ́n á mọ̀."

Àgbàlagbà ọkùnrin, omi dé ojú rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Mo dìde, mo bá a ná àwo náà lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á, mo ná an títí ìyá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, títí ó fi dín in kù. Mo fi ìwé ìròyìn dì í kó má baà bó lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ dé, ó lọ. Mo ki abọ́ méjì tó dá padà bọ abẹ́ ẹrù mi.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi ò tilẹ̀ tíì gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri tó fi béèrè. "Ṣé Ẹ̀gbọ́n wá? Ṣé wọ́n rí abọ́ náà?"

"Wọ́n rí i. Wọ́n ní ẹ ti mọ iṣẹ́."

"Wọ́n kó wọn lọ?"

"Wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n ní ìyá àwọn yóò yọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé oúnjẹ òun wá. A pẹ́ pọ̀ láyé lẹ́yìn ìyẹn, títí a fi ní ọmọ-ọmọ. Mi ò sọ fún un rí.