Itọ́ Ajá Lára Gàníyù

Gàníyù káfíńtà kò bá ajá da nǹkan kan pọ̀ rí. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Addo, ajá kì í wọ àgbàlá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ igbó ẹ̀yìn Ṣàngótẹ̀dó tó o, torí ibẹ̀ ni òun àti bàbá rẹ̀ ti máa ń gé igi kí ẹ́síteètì tó gba apá kan nínú rẹ̀. Nígbà tí orúnkún Àǹtí Adétutù, oníbàárà rẹ̀, yẹ̀, obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun mú Bingo, ajá òun, rìn nínú igbó náà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní bí Bingo kò bá rìn, yóò jẹ gbogbo àga ilé tán. Gàníyù ló kan àwọn àga náà. Ó gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n jọ sọ. Ó ti di oṣù mẹ́jọ.

Ìnira gbáà ni ajá yìí. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, á jókòó. Bí wọ́n bá dé ibi tí omi bo ọ̀nà, tí Gàníyù ń fẹsẹ̀ wá gbòǹgbò tí yóò tẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni yóò sáré, tí yóò wọ́ ọ lọ. Èyí tó burú jù ni pé ó fẹ́ràn láti máa lá a: lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, nígbà mìíràn létí. Gàníyù kì í sì í fi ìrun ṣeré, ó sì gbà pé itọ́ ajá ń ba àlùwàlá jẹ́. Bó bá ti igbó dé, ẹ̀ẹ̀méje ló ń fọ gbogbo ibi tí itọ́ náà kàn, tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ra á lẹ́ẹ̀kan, kó tó ṣe àlùwàlá. Bàlíkísù ìyàwó rẹ̀ ló ń pọn omi, òun náà sì ti ń kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Bingo rí ọ̀bọ lórí igi. Ó já okùn, ó sì bẹ́ sínú irà, ó rì dé àyà. Gàníyù dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó pè é títí. Ajá náà kàn ń wò ó. Nígbà tí òòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, Gàníyù bọ́ ṣòkòtò, ó wá ku ṣòkòtò péńpé nìkan nídìí rẹ̀, ó wọnú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, ó sì gbé ẹran ńlá náà kọ́rùn. Látinú irà dé ẹnu géètì Àǹtí Adétutù, Bingo ń lá a lójú.

Wọ́n ti kírun Mọ̀gàríbì tán kó tó dé mọ́ṣáláṣí. Kò wọlé. Àlùfáà Mikail bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í léèrè ohun tó dé, Gàníyù sì ṣàlàyé pé òun ní láti lọ fọ ara lẹ́ẹ̀méje ná.

"Nínú ìlànà Màlíkì tí à ń tẹ̀ lé, abọ́ tí ajá bá fẹnu sí là ń fọ̀ lẹ́ẹ̀méje," Àlùfáà wí. "Itọ́ rẹ̀ kò ba àlùwàlá yín jẹ́. Ẹrẹ̀ yẹn ni kí ẹ lọ ṣàn."

Gàníyù wo ẹrẹ̀ ara rẹ̀. "Oṣù mẹ́jọ, Àlùfáà."

"Ẹ ò bi mí."

Gàníyù kò mọ ẹni tí ì bá bínú sí. Nílé, Bàlíkísù gbọ́ ọ tán, ó rọra gbé garawa kalẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ọ̀la rẹ̀ ni Àǹtí Adétutù wá sọ pé orúnkún òun ti san, pé òun lè máa mú Bingo lọ fúnra òun.

"Ẹ ò mọ ibi tí irà wà, mà," ni Gàníyù wí. "Á gbé yín mì."

Ó ti mú okùn lọ́wọ́, ajá náà sì ti jókòó sójú títì, kó tó yé e pé òun ló fẹnu ara òun gba iṣẹ́ náà padà. Ó pòṣé, ó ní kí Bingo dìde. Kò dìde.