Ìfági Tí Kò Ní Àmì

Òórùn irin tó ti dógùn-ún tí òjò sì tún pa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, níwájú ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù irinṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní Àkúrẹ́. Mo ti kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká láti aago mẹ́rin, mi ò sì fẹ́ tètè délé. Ìwọ náà mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí èèyàn á máa wo ọjà kiri láìní ohun tó fẹ́ rà. Ìyàwó mi ti lọ bá ọmọbìnrin wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Kánádà. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ, ó ti di ọdún méjì, ọmọ kejì ti tẹ̀ lé èkínní, gbogbo ẹni tó bá sì gbọ́ ló ń kí mi kú oríire. Wọ́n ní ènìyàn laṣọ. Òótọ́ ni, àmọ́ aṣọ tèmi ti wọ bàálù lọ, ìhòhò ni wọ́n fi mí sí nínú yàrá mẹ́rin ní àdúgbò Ijapo.

Láàárín àwọn òòlù tí kò lérùkù àti ayùn tí eyín rẹ̀ ti ká ni mo ti rí ìfági kan, irú èyí tí káfíńtà fi ń fá pákó. Igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi sí ọwọ́. Abẹ rẹ̀ ti dógùn-ún, ikán sì ti jẹ igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń há abẹ náà mọ́ àyè rẹ̀. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mò ń wá àmì. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, ìlú Oǹdó ni mo ti máa ń fi gbogbo ìsinmi kọ́ṣẹ́ káfíńtà, mo sì mọ̀ pé kò sí káfíńtà tí kì í fi irin gbígbóná jó lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sára irinṣẹ́. Eléyìí kò ní nǹkan kan lára.

"Ta ló ni ín?" ni mo bi ọlọ́jà.

"Dádì, mi ò mọ̀ ọ́n o. Inú ulé kan tí wọ́n wó ní Ìjù ló ti bá àwọn irin mìíràn wá."

Mo rà á. Mo sọ fún ara mi pé n ó tún un ṣe, n ó wá ẹni tó ni ín tàbí ọmọ rẹ̀ kàn, n ó dá a padà. Kí n má parọ́ fún ọ, kì í ṣe ìwà rere ló ń da mí láàmú. Ilẹ̀kùn kan tí mo lè kàn, tí ẹni tó wà nínú ilé á yọ̀ pé mo wá, ni mò ń wá.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rẹ abẹ náà sínú kẹrosíìnì, mo fi sándípépà ha á títí tó fi dán, mo wá pọ́n ọn lórí òkúta tí ìyàwó mi fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbẹ́ igi pẹlẹbẹ tuntun: àkọ́kọ́ tín-ín-rín jù, èkejì là sí méjì, ẹ̀kẹta ló gbà láti wọlé. Nígbà tí mo nu ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, mo rí ibi tí àtàǹpàkò ẹni náà ti jẹ igi wọlé fún ọdún gbọọrọ. Mo fi tèmi síbẹ̀, kò bá a mu, torí ọlọ́wọ́ òsì ni ẹni náà. Bí ìyàwó mi bá pè lórí Wasáàpù tó ní kí ni mò ń ṣe, màá ní kò sí nǹkan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé àtàǹpàkò ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń bá ṣọ̀rẹ́?

Mo lọ sí Ìjù, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ tí ilé náà wà. Àwọn aládùúgbò ní káfíńtà kan gbé ibẹ̀ rí lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀. Mo padà pẹ̀lú ìfági mi lábẹ́ abíyá. Nígbà tó di Sátidé kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún. Bóyá òun á mọ ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà tí òun àti káfíńtà mẹ́ta mìíràn jọ ń lò. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èérún igi.

"Ìwọ rè é? Uṣẹ́ ìjọba ò tí ì pa ọ́?"

Ó gba ìfági náà, ó gbé pákó kan sórí bẹ́ǹṣì, ó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èérún tó jáde fúyẹ́, ó gùn, kò já. Ó tún un tì pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni yìí mọ uṣẹ́."

"Àmọ́ kò fi àmì sí i, ọ̀gá. Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ògiri tí irinṣẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kọ́, tí kálukú ní lẹ́tà tirẹ̀. "Kí ni àmì wà fún? Kí tèmi má bàa dàpọ̀ mọ́ tiwọn ni. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, ti ta ni tirẹ̀ fẹ́ dàpọ̀ mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rántí ilé mi, ibi tí mo ti ń lo kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, tí kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì gbé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé bí ọkùnrin Ìjù yẹn, mi ò kàn pè é lórúkọ ni.

"Ìyàwó ńkọ́?" ni ọ̀gá mi bi mí.

"Wọ́n wà dáadáa, ọ̀gá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá wọ́n wà dáadáa. Ṣé wọ́n wà nílé?"

"Èmi nìkan ni, ọ̀gá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Kò kẹ́dùn fún mi. Ó ní kí n fi ìfági náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí n máa wá lò ó ní Sátidé, ohun tó bá sì ti máa wà lábẹ́ àtíbàbà àwọn gbọ́dọ̀ ní àmì. Ìtìjú mú mi. Mo ní iṣẹ́ pọ̀, mo ní ọ̀nà jìn, mo wé ìfági mi sínú bébà, mo dágbére. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà ń pariwo "Àkúrẹ́, ó ku ẹnì kan!", nígbà tí mo bi ara mi pé kí ni mò ń sáré lọ bá. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá ẹni méjì.

Mo padà lọ bá ọ̀gá mi lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti irin bọ inú èédú tó ń jó, ó ní lẹ́tà wo. Mo ní kó jó tèmi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Èéfín igi apá ta sí mi lójú, mo sì dúpẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kì í ṣe èéfín nìkan.

Mi ò ní sọ fún ọ pé ìdáwà ti tán. Ìyàwó mi kò tí ì dé, ilé sì ṣì ń dákẹ́ bí mo bá ṣí i. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí mo ti ń lọ sí Oǹdó ní gbogbo Sátidé, ibà dá mi wó, mi ò lè lọ lọ́sẹ̀ kan. Kó tó di ọ̀sán Sátidé yẹn, fóònù mi dún. Ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà ni.

"Bọ̀dá, ìfági yín wà níbí o. Ẹ̀yin dà?"

Àṣé kì í ṣe torí kí tẹni má bàa dàpọ̀ mọ́ tẹlòmíràn nìkan la ṣe ń fi àmì sí nǹkan. Bí ọjọ́ bá lọ tí ohun kan ṣì fi kọ́ sára ògiri, àmì ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí kò wá. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, torí ó ti lé ní ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti bèèrè ibi tí mo wà kẹ́yìn.