Òtílí Tí Mo Sè fún Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí kẹrosíìnì wọ́n gógó débi pé bí èèyàn bá rí ìgò kan rà, ṣe ni yóò gbá a mọ́ra délé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ayé àwọn ṣọ́jà ni. Wọ́n ní owó ìlú ti tán, kí kálukú rọra máa ná èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi kòbókò tò wá sórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé. Ní oríta Ore, níbi tí mọ́tò Èkó àti ti Bìní ti ń pàdé, mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì tò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ rí, tèmi ti bàtà gíga lẹ́sẹ̀, nítorí pé tíṣà ni mí, n kò fẹ́ kí àwọn tí mò ń kọ́ ọmọ wọn rò pé ìyà ń jẹ mí. Ìyà sì ń jẹ mí o! Bàtà gíga náà ni mo fi rìn padà síbi mọ́tò, kẹ́ẹ̀gì mi ṣófo, ẹsẹ̀ mi wú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ nígbà náà ni. Awakọ̀ gẹdú ni ọkọ mi, ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, nínú igbó kó tó yọjú sílé. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Odigbo ni mò ń gbé, ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni ìyá náà, oko kòkó ló gbé òun àti ọkọ rẹ̀ wá láyé àtijọ́. Ọkọ ti kú, oko kòkó sì wà lọ́nà Omifunfun. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọ̀sán ò ní pọ́n kó má tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà ló ń pè mí. Bí mo bá fọ aṣọ tí kò mọ́, á ní, "Tíṣà, ṣé wọn ò kọ́ yín ní ọṣẹ ni?" Èmi náà á máa fajú ro. Mo rò pé ó kórìíra mi ni, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Ikọ́ fée ń ṣe ìyá yìí. Bí èéfín igi bá kàn án nímú péré, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún fíì-fíì, ojú rẹ̀ á pọ́n. Kò lè finá, kò sì lè jókòó ti ààrò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iná ìyẹ̀fun pákó ló ń dá, torí pé ìyẹ̀fun pákó tó bá gbẹ dáadáa kì í rú èéfín, ilé-iṣẹ́ ìlagi sì pọ̀ ní Ore. Agolo ọ̀dà ńlá kan ni, wọ́n dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀. A ó ti igi bọ ihò náà, a ó gbé ìgò sí àárín agolo, a ó máa da ìyẹ̀fun pákó yí i ká, a ó sì máa fi ọmọ odó gún un kó le gbagidi. Bó bá kún, a ó rọra yọ ìgò, a ó fa igi jáde, ọ̀nà iná ti là nìyẹn. Bí a bá ti ṣáná sí i, ó parí. Yóò máa jó wọ́ọ́rọ́wọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní koná mọ́ ọn. O lè gba oko lọ kí o sì padà wá bá a lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò fẹ́: a kì í gbé e kúrò lójú kan nígbà tó bá ń jó. Bí a bá gbé e, inú rẹ̀ á wó lulẹ̀, iná á kú, ohun tó wà lórí rẹ̀ á di àṣedànù.

Òtílí ló sì máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ òtílí, mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n èyí tó lóríkunkun nínú wọn. Ìyá ọkọ mi á rẹ ẹ́ mọ́jú, á fọwọ́ ra á títí èèpo á fi bó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á là sí méjì. Á bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á da omi kíkorò rẹ̀ nù, lẹ́yìn náà ni á tó fi omi tuntun gbé e ka iná ìyẹ̀fun pákó. Títí ìrọ̀lẹ́, òtílí á ti yọ́ fúnra rẹ̀, ọbẹ̀ á ki, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wá fi epo, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ sí i. Àwa ará ibí á fi púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ tí ìyá náà fi ń ṣínu ààwẹ̀ nìyẹn, torí pé ọmọ ilé àdúrà ni, gbogbo Ọjọ́rú àti Ẹtì ló ń gbààwẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n sè é, mo ṣí ìdérí bí ìgbà ogún. Mo ní kí n fi iyọ̀ sí i láàárọ̀ kó lè wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òtílí mi le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ìyá gbé e sẹ́nu, ó ń run ún, èmi ń gbọ́ ariwo eyín rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ta ló fi iyọ̀ sí i kó tó rọ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, Mọ́ọ̀mi. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ ń fipá mú òtílí, òtílí náà ń fipá mú mi léyín." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fura pé obìnrin yìí fẹ́ràn mi.

Ọdún mẹ́ta kọjá, n kò rí ọmọ bí. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ti ń wò mí ní ìwò kan báyìí. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan, àfi lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje nítorí mi, kó máa wà ní ilé àdúrà láti àárọ̀ kùtù, kó má fẹnu kan omi títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo bá a lọ sọ fún ìyá àdúrà, ìyẹn obìnrin tó dá ilé àdúrà kékeré náà sílẹ̀. Ìyá àdúrà mirí. Ó ní, "Rárá o, Ìyá. Pẹ̀lú ikọ́ yín yìí? Ẹ fi ààwẹ̀ sílẹ̀ fún àwa tí ara wa le. Bí ẹ bá máa gbà á rárá, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ṣínu." Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ́ tí òun ti jẹ́ ò ṣeé yí padà. Ta ló lè bá a jiyàn?

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ keje bọ́ sí. Mo ti pinnu pé òtílí ni màá fi pàdé rẹ̀, tí màá sè débi pé kò ní rí ohun tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì mo gbé àpò lọ sí Ore lọ kó ìyẹ̀fun pákó. Ilé-iṣẹ́ ìlagi tí mo máa ń lọ ò ṣiṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì ò sí, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Òkìtì ìyẹ̀fun igi àfàrà funfun tí ìyá kọ́ mi pé kí n máa kó ti tán pátápátá. Òkìtì dúdú kan ló kù lẹ́yìn, ti igi kan tí wọ́n ń là fún àwọn òyìnbó. Arúgbó kan tó ń ṣa èèpo igi níbẹ̀ kígbe pè mí.

"Ìyàwó! Má kó ìyẹn o. O ò rí i pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án? Tí wọ́n bá ń la igi yẹn, gbogbo wọn ló ń sín, imú wọn á máa ṣẹ̀jẹ̀. Kò ṣeé dáná."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Mo sì kó o. Mo sọ nínú ọkàn mi pé pákó ni pákó, pé àwọn arúgbó ò mọ̀ ju ìbẹ̀rù lọ. Èmi tí mo kàwé!

Láàárọ̀ Sátidé, ojú ọ̀run ti ṣú. Ìyá ti lọ sí ilé àdúrà. Ìjì ti ká páànù àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé wa, ibẹ̀ ni a sì máa ń dáná náà sí, ìyá ò jẹ́ ká gbé e wọlé láé. Mo rò ó títí. Bí mo bá dá a síta, òjò á pa á. Mo bá gbé agolo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gún un dáadáa, mo ṣáná sí i, mo gbé òtílí kà á. Èéfín díẹ̀ jáde, ó ń ta mí nímú, mo sín lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní á lọ. Mo ní kí ìyá tó dé ní aago mẹ́fà, iná á ti jó tán, màá ti ṣílẹ̀kùn, màá ti gbálẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo jáde lọ ra púpurú àti ẹja. Òjò ká mi mọ́ ìta ọjà, mo dúró lábẹ́ òrùlé olùránṣọ kan, mo ń bá a tàkúrọ̀sọ, inú mi ń dùn.

Nígbà tí mo dé ilé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo tì í ṣí, èéfín kọ lù mí. Ìyá ọkọ mi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó fi etí ìró bo imú, àyà rẹ̀ ń dún débi pé mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá àdúrà ló ní kó máa lọ sílé lọ sinmi nígbà tó rí i pé ó rẹ̀ ẹ́.

Mo kígbe, "Mọ́ọ̀mi! Kí lẹ ń ṣe níbí? Kí ló dé tẹ́ ò jáde?"

Ó fọwọ́ sọ pé kí n má pariwo. Ó mí, ó tún mí, kó tó lè sọ̀rọ̀. "Òjò ń fẹ́ wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà pa iná ẹ." Ó mí. "N kò lè gbé e síta, á wó. O ti ń ṣe é láti àárọ̀." Ó wá ṣí ìdérí ìkòkò. "Wò ó. Ó ti rọ̀. Tíṣà, o ti mọ òtílí sè."

Ṣíbí méjì péré ló lè jẹ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kò sí oògùn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Mo sáré káàkiri Ore títí mo fi rí i rà. Nígbà tí mo máa padà dé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Ọkọ mi dé láti igbó lọ́jọ́ kẹrin. Kí n tó lanu, àwọn mọ̀lẹ́bí ti sọ fún un pé ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n fi pa ìyá rẹ̀. Ó gba ilé àdúrà lọ, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó fọ́ àga, ó da omi àdúrà nù, ó ń ké bí ọmọdé. Ìyá àdúrà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin! Ó ní òun kìlọ̀ fún ìyá, òun ní kó má gbà á. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé mi ò sọ fún un?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó sọ ọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á béèrè pé kí ló wá pa á, ọ̀rọ̀ á sì kan iná mi.

Mo ní, "N kò gbọ́ o."

Kò sẹ́ni tó lọ gbàdúrà níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ òkò sórí páànù rẹ̀, wọ́n ń pe ìyá àdúrà ní apànìyàn, kò sì pẹ́ tó fi kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ago Alaye. Mo bímọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wọ ilé-ìwé girama, mo lọ sí Ago Alaye lọ bẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó mọ ohùn mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì gbàdúrà fún mi. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, mo dúpẹ́, mo gun ọ̀kadà padà sílé. N kò jẹ́wọ́. Ó ti kú báyìí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní ogún ọdún dáadáa, òtítọ́ ò tíì yọ lọ́nà. Ọkọ mi ti darúgbó, ó ṣì ń sunkún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ ọmọ wa obìnrin ní òun fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ òun gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi na ìka sí i, ó ní láé, ó ní irú ẹ̀ ni obìnrin burúkú kan fi pa ìyá òun ní Odigbo yìí. Ọmọ náà yíjú sí mi.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo wo ọkọ mi. Mo wo ọmọ náà.

Mo ní, "Lóòótọ́ ni."