Fídíò Ìsìnkú Tí Kò Fẹ́ Hàn

Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi sí ilẹ̀ òkèèrè lọ́jọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ nínú ẹbí wa. Ọ̀nà jìn, físà kò sí, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ọmọ fẹ́ kí sàréè bàbá àwọn wà nítòsí. Mo gbà fún un. Èmi ni àbúrò kan ṣoṣo tó ní. Mo sunkún tèmi ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ìyá wa ní Emùré kò sunkún.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọlọ́kàn líle. Kò gbà pé ọmọ òun kú ni. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ wá kí i, ó gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣu tó ń jẹrà lóko. Ẹni tó bá ní òun kí i kú àfẹ́kù, á wò ó lójú, á ní, "Ta ló kú?" Kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn kankan. Tó bá wá sí Ìkẹ́rẹ́, á gbé ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ dání, á ní kí n wá ẹni tó ń lọ sókè òkun tí yóò bá òun fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń gbà á, mo ń tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ibi tí mo máa fi í ránṣẹ́ sí.

Ó ní, "Ọmọ tí mi ò rí òkú rẹ̀, kò tíì kú."

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ kárí ilé ni, ẹ̀rọ DVD sì ti ń lé ẹ̀rọ fídíò onítéèpù jáde ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra DVD àti tẹlifíṣàn tí ìyá wa ń wò. Ìyàwó rẹ̀ wá rán díìsìkì kan sí wa nípasẹ̀ ọkùnrin ará Ìkẹ́rẹ́ kan tó wá ṣọdún nílé. Ó ní ìsìnkú náà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo mú un, mo wọ mọ́tò gba Ìsẹ̀ lọ sí Emùré.

Bàbá kékeré wa, àbúrò bàbá mi, wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti díìsìkì bọnú ẹ̀rọ. Ó yí i títí, ó ń kùn, ó wá kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò rí díìsìkì.

Ìyá wa ní, "Kí ló kọ?"

Bàbá kékeré ní, "Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ìyá wa mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo ti sọ fún yín," ló wí. Ó dìde, ó lọ wo ìkòkò lórí iná.

Bí mo ti padà sí Ìkẹ́rẹ́, ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀, fi díìsìkì náà sínú kọ̀ǹpútà ilé wa. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n kàn ju fídíò yìí sórí díìsìkì bí ẹni ju lẹ́tà sínú àpò ni. Ẹ̀rọ ìyá kò mọ irú fáìlì báyìí kà. A ní láti yí i padà sí irú èyí tí DVD ń kà, ká tó kọ ọ́ sórí díìsìkì òfìfo, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀nù." Kọ̀ǹpútà wa gan-an kò kọ́kọ́ rí i kà, ohùn orin nìkan ló ń jáde, ojú ẹ̀rọ dúdú kirimú. Mo lọ sí ilé íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lójú títì, mo wá ètò kọ̀ǹpútà tí yóò bá wa ṣí i, àti èyí tí yóò bá wa yí i padà.

Bí ìyà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ń lọ síbi iṣẹ́, èmi wà nínú ọlidé, èmi ni mo sì jókòó tì í. Kọ̀ǹpútà wa kò yára. Tí mo bá gbé fáìlì náà sí i láàárọ̀, á máa yí i títí di ọ̀sán, iná á sì lọ kó tó parí, n ó tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. A tan jẹnẹrétọ̀, epo tán nínú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Díìsìkì tó kọ́kọ́ jáde ní àwòrán, kò ní ohùn. Èyí tó tẹ̀lé e ní ohùn, ṣùgbọ́n ohùn ń ṣáájú ẹnu. Pásítọ̀ á ti parí àdúrà, ẹnu rẹ̀ á ṣì máa lọ.

Kí n tó lè mọ̀ bóyá ohùn bá ẹnu mu, àfi kí n wò ó. Mo wò ó, mo tún un wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ṣí pósí tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó sùn gbalaja pẹ̀lú kóòtù dúdú lọ́rùn, mo pa á, mo sì jáde síta. Nígbà tó yá, mo ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ṣí ìwé. Ẹnu pásítọ̀ ni mò ń wò, etí mi wà lára orin. Wọ́n ń sọ ẹ̀gbọ́n mi kalẹ̀ sínú ihò, èmi ń sọ lọ́kàn mi pé fídíò ti ń bọ́ sójú ọ̀nà báyìí, ohùn ti fẹ́ẹ̀ bá ẹnu mu. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ara mi tí mò ń fi ohùn jẹ́jẹ́ gbe orin náà nígbà tí mò ń gúnyán ni mo mọ̀ pé nǹkan kan ti kú lára mi.

Ohùn bá ẹnu mu wàyí. Ó hàn ketekete lórí tẹlifíṣàn tiwa, mo sì tún gbé e lọ sí Emùré. Lórí tẹlifíṣàn ìyá wa, àwọ̀ sá kúrò lára rẹ̀, ó di dúdú àti funfun, àwòrán náà sì ń yí lọ sókè ṣáá bí omi tó ń hó. Àwọn èèyàn kan nínú aṣọ dúdú ń gòkè, wọ́n ń já sísàlẹ̀.

"Àwọn wo nìyí?" ni ìyá wa bi mí. "Mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn."

Bàbá kékeré pè mí síta. Ó ní, "Ọmọ mi, fi nǹkan yìí sílẹ̀. A kì í fi òkú ọmọ han ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ dandan pé o máa ṣe é, gé ibi tójú rẹ̀ ti hàn kúrò."

Ìyá wa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ó jáde sí wa. "Ẹni tí wọ́n ní ó kú ni mo fẹ́ rí," ló wí. "Bẹ́ ẹ bá gé e, ẹ má wulẹ̀ gbé e wá sí ulé yìí mọ́."

Bàbá kékeré gbé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ẹni tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe nílùú wa ló ṣàlàyé fún ọkọ mi pé bí wọ́n ṣe ń to àwòrán lórílẹ̀-èdè tí ẹ̀gbọ́n mi wà yàtọ̀ sí tiwa, pé tẹlifíṣàn tuntun ń gba méjèèjì, ti àtijọ́ kò gbà á. Àyè láti yan èyí wà nínú ètò tí a fi ń yí fáìlì náà padà, a kàn ní láti yan tiwa ni. Mo yàn án. Nígbà tó parí, àwọ̀ wà, kò yí mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn inú rẹ̀ gùn, wọ́n sì tín-ín-rín. Ọkọ mi ní fídíò náà fẹ̀ ju ojú tẹlifíṣàn lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ètò náà fún un mọ́ra. Ó fi ibi tí mo ti lè tún un fẹ̀ hàn mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń fi wọ̀n ọ́n. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n sí ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kíkún, ọrùn rẹ̀ kì í gba bọ́tìnnì. Mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì jìn. Mo tún un fẹ̀, kò tíì tó. Nígbà tó wá jọ ẹni tí mo mọ̀, mo bọ́ọ̀nù ú, mo sì jókòó wò ó. Ìyàwó rẹ̀ tóbi bí àgbá. Pósí fẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì. Táyà ọkọ̀ tó gbé e lọ sí itẹ́ òkú dà bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Mo wo táyà náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo padà sórí kọ̀ǹpútà, mo sì tún un ṣe títí táyà fi rí roboto bí táyà. Gbogbo èèyàn padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Mo wá lọ síbi tí wọ́n ti ṣí pósí. Ẹ̀gbọ́n mi ti rù kan eegun. Eyín rẹ̀ ti yọ síwájú, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró gbàgà, kò kan ọrùn. Àṣé kì í ṣe fídíò ló bà jẹ́, èmi ni mo ti ń wo ẹnu pásítọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Àìsàn òjijì ni wọ́n sọ fún wa. Mo pe ìyàwó rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ìgbà wo lara rẹ̀ ti ń ṣe é?"

Ó ní, "Ó lé lọ́dún kan. Jẹjẹrẹ ni, ó ti wọ inú egungun kí wọ́n tó rí i. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Tó bá máa pe Màmá, á kọ́kọ́ jókòó, á mí, á dán ohùn rẹ̀ wò lọ́dọ̀ mi. Á ní, 'Ṣé ó dún bíi ti tẹ́lẹ̀?'"

Díìsìkì méjì ló wà lórí tábìlì wa nígbà náà, èyí tó fẹ̀ àti èyí tó tọ̀nà. Ọkọ mi ní, "Gbé èyí tó fẹ̀ lọ. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, kò lè mọ̀ pé wọ́n fẹ̀ ju ara wọn lọ. Jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n." Àánú ìyá wa ló ń ṣe é, mo mọ̀. Mo rò ó títí. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ohùn tàn án jẹ fún ọdún kan gbáko, wàyí àwa fẹ́ fi ojú rẹ̀ tàn án. Èyí tó tọ̀nà ni mo gbé lọ.

Ọ̀sán ni. Ìyá wa jókòó sórí àpótí nítòsí tẹlifíṣàn, ó ká ọwọ́ sórí orúnkún. Orin dún, àwọ̀ wà, ohùn bá ẹnu mu. Ó ń wò ó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ṣí pósí. Ó sún mọ́ ọn débi pé ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn ń tàn sí i lójú.

Ó ní, "Ó rù."

Mo dín ohùn orin kù.

"Èyí kì í ṣe àìsàn òjijì. Ẹni tó bá jẹun lánàá kì í rí báyìí." Ó yíjú sí mi. "O mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, Iye. Fídíò yìí ló jẹ́ kí n mọ̀. Ó lé lọ́dún kan. Kò fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ojú tẹlifíṣàn níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n pa pósí dé. Ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀, igbe tó sì ké kò jọ ohùn èèyàn. Àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Ọ̀pọ̀ oṣù la ti fi ń kí i kú àfẹ́kù, ọjọ́ náà gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní kí n pe ìyàwó ọmọ òun. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé fóònù sí i létí. Wọn kò rí ara wọn rí.

Ó ní, "Ìyàwó mi. Ta ló ń wẹ̀ fún un?"

Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà nínú fóònù. "Èmi ni, Màmá."

"Ṣé ó ń jẹun láti ọwọ́ rẹ?"

"Ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, Màmá. Nígbà tó yá, kò lè gbé e mì mọ́."

"Ó jẹ ọ́ níyà láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìní ẹni tí wàá sọ fún," ni ìyá wa wí. "Ohun tó ṣe ọ́ ló ṣe èmi náà. Ìwọ ló yẹ kí n máa bá dárò." Àwọn méjèèjì wá ń sunkún pọ̀ títí owó fóònù fi tán.

Wọ́n ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Bàbá kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní mo ti mú ohun tí kò yẹ kó wọlé wọ inú ilé. Bóyá òótọ́ ló wí, nítorí ìyá wa kò padà lọ sóko mọ́, ó sì ń rù. Ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Bó bá jí tí orúnkún ń dùn ún, á pè mí. Bí oúnjẹ kò bá lọ lọ́nà ọ̀fun, á pè mí. Á ní, "Ó ń ṣe mí lónìí o, má sọ pé mi ò sọ fún ọ." Ìpè rẹ̀ ń bá mi nínú kíláàsì, níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo sì ń jáde lọ dá a lóhùn.